Aṣọ Tí Ìyá Rẹ Fi Apá Wọ̀n

Eyínfúnjowó, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún ọ kí. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí o ń kọ́ kò pa ọ́ jù? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, àbí o ṣì ń sáré jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé? Ẹlẹ́dàá yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú aláìsàn, kò ní di ọwọ́ tí wọn yóò máa tọ́jú. Ní ti ibí, a dúpẹ́. Òjò ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, mo ti gbé òkúta lé e. Ológbò ìyá rẹ bí mẹ́rin, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n dáadáa.

O ti tú àpò yìí, nítorí náà o ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ rẹ ni, èmi ni mo sì rán an. Má tíì wọ̀ ọ́. Jókòó kí o ka ìwé yìí tán ná, nítorí aṣọ náà ní ìtàn, n kò sì lè sọ ọ́ lórí fóònù. Fóònù a máa jẹ ọ̀rọ̀ mi láàárín. Bí mo bá sọ mẹ́wàá, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún á gbọ́ márùn-ún, n kò sì mọ ẹni tó ń kó márùn-ún tó kù.

O mọ aṣọ náà. Òun ni ìyá rẹ rà lọ́dún tó kọjá, ọ̀pá mẹ́ta, aláwọ̀ aró tó ní ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní òun máa fi rán èyí tí o máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún ọ níwèé ẹ̀rí. Ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó fi píìnì de bébà kékeré kan mọ́ ọn, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àìsàn sì dé. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì tí yóò fi wá sílẹ̀, ó fà mí láṣọ ní ọsibítù, ó ní kí n bá òun parí aṣọ ọmọ náà. Mo ní mo ti gbọ́, màá parí ẹ̀. Ọmọ mi, kí n má purọ́ fún ọ, mo kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni. Èmi tó jẹ́ pé bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì mi, òun ló ń bá mi gán an láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Ṣùgbọ́n ó gbà mí gbọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn. Ẹni tó bá gbà ọ́ gbọ́ báyẹn, tó sì lọ, kò sí bí o ṣe fẹ́ sá tẹ̀ lé e kí o sọ fún un pé ìtùnú lásán ni o fi ń tu ú nínú.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí o pè pé ọjọ́ ìwé ẹ̀rí ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, pé kí n fi aṣọ náà ránṣẹ́ kí aránṣọ àdúgbò rẹ bá ọ rán an, mo ní rárá. O ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n gbé e fún Sárérán, ọmọ iṣẹ́ ìyá rẹ àtijọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Mo tún ní rárá.  O wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, o ní ó dáa, o máa fi obìnrin kan ránṣẹ́ sí mi tí yóò kọ́ mi. Ọmọ mi, mo gbálẹ̀. Mo gbálẹ̀, mo fá irùngbọ̀n, mo gbé àga síta, mo jókòó dè é títí ọ̀sán fi pọ́n. Sárérán ló wá bá mi níta, tó gba fóònù lọ́wọ́ mi, tó ní Bàbá, àlejò yín ti dé láti àárọ̀, inú fídíò ibí yìí ló wà.

Háà! Obìnrin náà mọ iṣẹ́. Ó kí mi dáadáa, mo sì dá a lóhùn. Ó ní aṣọ tí òun fẹ́ kọ́ wa yìí, èyí tí àwọn ìyá ńlá wa ń wọ̀ láyé àtijọ́ ni òun wò ṣe é, aṣọ tí wọn kì í gé ní ìgékúgèé. A máa ṣẹ́ ẹ po ní ìṣẹ́po mẹ́rin, a máa gé ihò ọrùn, a máa gbẹ́ abẹ́ apá, a máa rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó parí. Ó ní àjákù tó máa bọ́ sílẹ̀ kò ní kún ọwọ́.

Sárérán fi ibi tí mo máa tẹ̀ hàn mí bí mo bá fẹ́ kí obìnrin náà dúró dè mí. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́, apá rẹ̀ wà lókè pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ó sì dúró bí ère, kò mí, kò ṣẹ́jú. Mo ní kí n lọ bu omi mu, n kò lè mu omi náà tán, mo sáré padà nítorí apá á ti máa ro ó. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń jẹ́ kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá sì ní kó tún un sọ, á tún un sọ, pẹ̀lú ẹ̀rín kan náà, ìgbà mẹ́wàá, ìgbà ogún, kì í fajú ro. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń gẹ irun, mo ti kọ́ ọmọ iṣẹ́ mẹ́sàn-án, n kò ní irú sùúrù yẹn. Nígbà tó parí, ó ní bí a bá jàǹfààní, kí a na àtàǹpàkò sí òun, kí a sì lu agogo. Mo na àtàǹpàkò sí i, mo gbé e sún mọ́ fóònù kó lè rí i dáadáa. Agogo ni kò sí nílé. Mo fi ṣíbí lu àwo.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ohun kan wà tó dùn mọ́ mi jù. Ó ní kí a má gbàgbé àlàwáńsì ojúrán, ìdajì íǹsì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo ní ayé ti dára! Mo ní àwọn aránṣọ ti ń gba àlàwáńsì báyìí, nígbà tó jẹ́ pé ìyá rẹ ṣe é lọ́gbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fún un ní kọ́bọ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè bi ọ́ léèrè ibi tí wọ́n ti ń gbà á.

Ṣùgbọ́n gígé gan-an ló ń dẹ́rù bà mí. Irun tí mo bá gẹ̀ tó bá bà jẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti hù padà, oníbàárà á sì ti dárí jì mí. Aṣọ kì í hù. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ ti rà á, ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní irú rẹ̀ ti tán, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kò ṣe é mọ́. Ọ̀pá mẹ́ta yẹn nìkan ló kù láyé tí mo mọ̀. Mo bá fi bébà àpò sìmẹ́ńtì dánra wò, mo fi aṣọ ìbùsùn tó ti gbó dánra wò. Èyí àkọ́kọ́, orí kò gba ọrùn rẹ̀ wọlé. Èkejì, mo wọ̀ ọ́ láti orí, ó sì jábọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ láìfara kàn mí níbì kankan. Ẹ̀kẹta ló jọ aṣọ. Sárérán yí i po wò, ó ní ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè jáde, tó bá ṣá ti jẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Ni mo bá ní kí o fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́. O fi í ránṣẹ́, mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo kà á: àyà 94, ìbàdí 104, gígùn 114. Mo tú bébà kékeré tí ìyá rẹ fi píìnì dè mọ́ aṣọ. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni àyà 37, ìbàdí 40, gígùn 45. Ọmọ mi, mo tún un kà. Níbi ìsìnkú ìyá rẹ ni mo ti rí ọ kẹ́yìn, oṣù mẹ́sàn-án péré, láti 37 sí 94! Mo mú téèpù ìyá rẹ, téèpù tán ní 60. Mo so okùn mọ́ ọn kó lè tó. Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi í yí àgbá omi wa po, ó yí i ká, ó sì tún ṣẹ́ kù ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Mo dúró ti àgbá náà. Mo ní ọmọ mi ti tóbi ju àgbá omi lọ, kò sì sọ fún mi. Ti gígùn ni n kò tilẹ̀ fẹ́ ronú sí, nítorí ẹnu ọ̀nà ilé wa kò ga tó 114. Mo ní àbí àìsàn ni, àbí ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ojú nìkan ni o máa ń fi hàn mí nínú fóònù. Mo di àgbá mú, mo gbàdúrà. Mo ní Ọlọ́run, o ti mú ìyá, jọ̀wọ́ má fi ọmọ kún un.

Mo sáré lọ bá Sárérán, mo na fóònù sí i. Ó wo fóònù, ó wo bébà ìyá rẹ, ó wo okùn ọwọ́ mi. Ó béèrè ohun tí mo fi okùn ṣe. Mo sọ fún un. Sárérán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, oníbàárà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń béèrè pé ta ló kú. Ó wá gba téèpù lọ́wọ́ mi, ó ní Bàbá, ẹ yí i padà.

Mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni téèpù yẹn fi wà lọ́rùn ìyá rẹ, n kò mọ̀ pé ó ní ojú méjì. Sárérán ní íǹsì wà lójú kan, sẹ̀ǹtímítà wà lójú kejì, ìyá rẹ ń lo tibí, ìwọ lo tọ̀hún. Ó fi ìka sórí 94, ó yí téèpù náà padà láìgbé ìka kúrò. 37 ni. Gẹ́lẹ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó tún fi ìka sórí 114, ó yí i padà, 45 ni. Ó béèrè ìgbà tí ọ̀gá òun wọ̀n ọ́ kẹ́yìn. Mo ní kò wọ̀n ọ́. Láti ìgbà tí o ti lọ síbi ẹ̀kọ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o wá kí àìsàn ìyá rẹ tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ sì ń fọn fèrè dè ọ́, ta ló máa gbé téèpù? Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo rántí.

Ìyá rẹ dì mọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ó fi ọwọ́ pa ọ́ lára láti èjìká dé orókún, ó sì pẹ́, títí o fi ní Màmi, ọkọ̀ máa fi mí sílẹ̀ o. Nígbà tí o lọ tán, kò sọ apá kalẹ̀. Ó ká a ró níwájú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ṣì di nǹkan mú, ó ń rọra rìn wọnú yàrá bí ẹni tó ru omi. Mo ní kí ló ṣe ọ́ lápá? Ó ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ yẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sunkún ni, mo fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá mo rí i tó ń kọ nǹkan sí bébà, mo rò pé iye owó ọṣẹ ni.

Apá ló fi wọ̀n ọ́, ọmọ mi. Ó gbé ọ wọlé lápá lẹ́yìn tí o ti lọ. Ìbàdí nìkan ló fi íǹsì kan yàtọ̀, 104 jẹ́ 41, òun sì kọ 40. Mo ní níbí ó ṣàṣìṣe. Sárérán ní rárá o, ọ̀gá òun kì í ṣàṣìṣe, oúnjẹ ìlú ńlá ló fi ọ̀kan kún un lẹ́yìn ìgbà náà. Mo jókòó sórí àga oníbàárà rẹ̀. Inú ilé kan náà ni èmi àti obìnrin yìí ti ṣiṣẹ́, ó wà nídìí ẹ̀rọ, mo wà nídìí orí àwọn ènìyàn, ògiri kan ló wà láàárín wa, mo sì rò pé mo mọ ohun tó ń ṣe lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo gẹ irun ẹni tó dé kẹ́yìn tán, mo ti ilẹ̀kùn. Mo tẹ́ aṣọ náà, mo ṣẹ́ ẹ ní mẹ́rin, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà. Mo ti ya ẹnu àlùmọ́gàjí lórí ìlà náà nígbà tí Sárérán béèrè pé àlàwáńsì dà. Mo ní mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, pé ìwọ lo máa bá mi wádìí ibi tí wọ́n ti ń san án. Ó fò dìde, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní Bàbá, kì í ṣe owó! Ó ní aṣọ ni, aṣọ tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ojúrán, tó máa wà nínú tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, kí ojúrán lè rí nǹkan dì mú, kí a sì rí nǹkan tú bí ara bá pọ̀ sí i. Ó ní mo tún gbọ́dọ̀ fi ti èémí kún un, nítorí 37 jẹ́ ìwọ̀n ara, kì í ṣe ìwọ̀n aṣọ. Ó ní bí mo bá gé e bí mo ṣe fa ìlà yẹn, o kò ní lè wọ̀ ọ́ láéláé.

Ọmọ mi, mo gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí ló kù kí n sọ ara mi di òpùrọ́ lójú òkú. Mo nu ìlà náà kúrò, mo fa òmíràn. Mo fi íǹsì kan gbáko sílẹ̀ fún àlàwáńsì. Sárérán ní ó pọ̀ jù. Mo ní jẹ́ kó pọ̀.

Mo wá gé e. Àlùmọ́gàjí ìyá rẹ ni mo lò, ó wúwo ju tèmi lọ, ihò àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti jẹ tẹ̀ lé ìka rẹ̀, tèmi kò wọlé tán. Ìró rẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbọ́ ìró yẹn láti ẹ̀yìn ògiri, oṣù mẹ́sàn-án ni n kò gbọ́ ọ, ó wá ń dún lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo dúró díẹ̀. Sárérán náà kò sọ pé kí n yára, òun tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo tún tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí mo tú u palẹ̀, ènìyàn ló dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní èjìká, ó ní apá méjèèjì tó nà jáde, ó ní ọrùn. Ihò kan, àti ìgé kan lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, aṣọ pẹlẹbẹ ti di ẹni tó fẹ́ dìde. Mo bọ́ fìlà mi. Àwọn ìyá ńlá tó kọ́kọ́ ronú kan èyí, tí wọn kò ní téèpù, tí wọn kò ní obìnrin inú fóònù, ta ló kọ́ wọn? Àjákù tó bọ́ sílẹ̀ kò kún ọwọ́ mi lóòótọ́.

Mo ṣí ìdérí ẹ̀rọ láti wá òwú tó bá a mu. Òwú aró ti wà lójú abẹ́rẹ́. Kẹ̀kẹ́ òwú kékeré tó wà nísàlẹ̀ náà ti kún. Ó ti ki òwú sí i sílẹ̀. Mo pe Sárérán kó wá wò ó, ó wò ó, ó ní òun ń bọ̀, ó lọ síta, ó pẹ́ kó tó padà.

Ní ti rírán, kí n sọ òótọ́. Ẹ̀rọ náà ń sáré lábẹ́ mi bí ẹṣin tó mọ̀ pé kì í ṣe olówó òun ló gun òun. Ojúrán òsì wọ́ bí ọ̀nà ewúrẹ́. Ti ọ̀tún tọ́ díẹ̀, nítorí nígbà náà mo ti mọ̀ ọ́n. Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, ọwọ́ ni mo fi gán an, ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Sárérán lo áyọ́ọ̀nù lé e lórí, ó yí i ká, ó ní òun kò ní sọ nǹkan kan. Fún Sárérán, ìyìn ńlá nìyẹn. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Ìyá tó ń ta epo fìtílà ti gbé síkẹ́ẹ̀tì tó ya wá bá mi, mo ní kó ní sùúrù, aránṣọ aláṣọ kan ṣoṣo ni mí.

Ní ti owó, kì í ṣe púpọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Mo fẹ́ ra páànù kan, kí n dá òwú tí mo yá lọ́wọ́ Sárérán fún ìṣẹ́tí padà, kí n sì ra dátà. Ó ní dátà ni obìnrin inú fóònù ń jẹ. Ó jẹ ti ọ̀sẹ̀ kan tán ní ọ̀sán kan, ṣùgbọ́n mi ò bínú, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Má fi owó náà ránṣẹ́ sínú fóònù. Bí fóònù bá bọ́ sínú omi ńkọ́? Sárérán ní owó kò ní tutù, ó ní báńkì ni owó wà, nọ́ńbà nìkan ló wà nínú fóònù. Mo ní nọ́ńbà gan-an ni mo ń sá fún báyìí, mo ti rí ohun tí ojú rẹ̀ kejì lè ṣe.

Orí káńtà ilé iṣẹ́ tó ń kó ẹrù ni mo ti ń kọ èyí tó kù yìí, àpò ṣì wà ní ṣíṣí. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́, mo kọ orúkọ mi, mo sì kọ ti ìyá rẹ. Akọ̀wé ní kí n mú nọ́ńbà fóònù ẹnì kejì wá. Mo ní kò ní fóònù níbi tó wà. Ó ní kó wá fọwọ́ sí i nígbà náà. Mo ní kò lè wá. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n fa igi lé orúkọ rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù gbà. Mo ní n kò lè fa igi lé e, ọmọ mi, aṣọ rẹ̀ ni, ìwọ̀n rẹ̀ ni, òwú rẹ̀ ni, ọwọ́ nìkan ló jẹ́ tèmi nínú rẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn pé Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ wà níbí. Akọ̀wé bá béèrè ibi tí ìyá náà wà gan-an. Mo sọ fún un.

Ó wo fọ́ọ̀mù náà. Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní gba orúkọ méjì. Ó tún wò ó. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní Bàbá, ṣé ẹ ò ní bínú bí òun bá kọ Àwọn Òbí Rẹ̀? Ó ní kọ̀ǹpútà máa gbà á, kò ní béèrè pé èèyàn mélòó ló wà nínú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, kọ̀ǹpútà gbà á! Ó tẹ bébà jáde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà lórí rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpò, mo sì fi ìka kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ti pè ọ́ pé àwọn òbí rẹ fi ẹrù ránṣẹ́ sí ọ, tí àyà rẹ já, tí o rò pé wọ́n ṣì í kọ ni, wọn kò ṣì í kọ. Bí o bá ti fọwọ́ sí i pé o gbà á, o ti jẹ́ kí n mú ìlérí mi ṣẹ.

Ó yá, dìde kí o wọ̀ ọ́. Ẹ̀mí rẹ á lò ó. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè ọ́ jáde, o kò ní fẹsẹ̀ kọ, ohùn rẹ kò ní gbọ̀n, ojú kò ní tì ọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Gbé apá rẹ sókè dáadáa nígbà tí o bá ń gba ìwé náà, kò ní ya, àyè wà nínú rẹ̀.

Àwa ni,
Àwọn òbí rẹ.